Bí a ṣe ń mọ jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn tó bá ara mu

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kétu ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àbúrò bàbá òun tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé fún òun ní jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn kan, irú èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú wọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun sì fẹ́ gbé e lọ sí Montréal ní oṣù Kìíní, nítorí ibẹ̀ ni òun ń lọ kàwé. Nọ́ńbà tí wọ́n rán mọ́ ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ 38. Àyà òun yípo jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96. Ó tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé èkejì, ó sì rí 54, èyí tó túmọ̀ sí 108 yípo. Télọ̀ àdúgbò wọn sọ fún un pé 38 kì í ṣe nọ́ńbà àgbàlagbà. Téèpù ní tirẹ̀ ń sọ pé àyè sẹ̀ǹtímítà 12 ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ̀ ọ́, ó fún un mọ́ra pinpin, etí rẹ̀ kò sì kọjá ìbàdí. Ó wá ń béèrè pé ṣé kí òun fá irun inú rẹ̀ díẹ̀ ni, àbí kí télọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àbí kí òun kúkú tà á kí òun ra èyí tó tóbi jù ú lọ.

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Má fá a, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, má sì tíì tà á. Pẹ̀lú ohun tí o kọ sí mi yìí, ìwọ̀n rẹ gan-an ni jákẹ́ẹ̀tì náà, bí o bá mọ ohun tó yẹ kí o wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló dá ìdààmú sáàárín ìwọ àti télọ̀. Níhìn-ín, nọ́ńbà tí a bá lára kóòtù ọkùnrin tó ti ilẹ̀ Faransé wá jẹ́ ìdajì àyà ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 96 ń wọ 48, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 104 ń wọ 52. Ẹni tó fi 48 àti 52 kọ́ṣẹ́, tó wá rí 38, kò sí bí kò ṣe ní rò pé aṣọ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n íńṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn àyà yípo, íńṣì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Bí o bá sọ 38 wọn di sẹ̀ǹtímítà, 96 àti ààbọ̀ ni wàá bá níbẹ̀. Ara kan náà ni 38 tiwọn àti 48 ti Faransé ń sọ. Nítorí náà, télọ̀ rẹ kò ṣì ọ́ lọ́nà, nọ́ńbà tí òun mọ̀ ló yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́rùn aṣọ náà. Síbẹ̀, má gbára lé nọ́ńbà náà pátápátá. Àwọn tó ń ṣe irú jákẹ́ẹ̀tì yìí lóde òní kò gé e bákan náà: àwọn kan gé e tóóró bí ti ayé ogun, àwọn mìíràn fẹ̀ ẹ́ nítorí pé ará òde òní sanra ju ọmọ ogun ọdún 20 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni téèpù. Ìta jákẹ́ẹ̀tì ni o wọ̀n, inú rẹ̀ sì ni ara rẹ máa wọ̀. Láti bí ọdún mélòó kan tí mo ti ń tún aṣọ awọ ṣe, èyí ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù, ó sì yé mi ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀, nítorí aṣọ tiwa kò kọ́ wa ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ìta bùbá àti inú rẹ̀ kò fi nǹkan kan jura wọn lọ. Agbádá ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ bi èjìká léèrè ohunkóhun: ọmọ lè jogún ti bàbá rẹ̀, kó ká a sí èjìká, kó sì bá a lọ sóde. Jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tó wà nínú rẹ̀ ń gba àyè, àyè tó sì ń gbà ju èyí tí ojú rò lọ.

Bí o bá fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ, mú ìgò sódábì kan tó ti ṣófo, fi téèpù yí i po, kí o kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi tówẹ̀lì tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì fi téèpù yí i po padà. Tówẹ̀lì náà lè má nípọn tó ìdajì ìka, ṣùgbọ́n nọ́ńbà á fò sókè gan-an, nítorí gbogbo ìnípọn sẹ̀ǹtímítà kan tó bá yí nǹkan po máa ń fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ó lé díẹ̀ kún ìwọ̀n ìta. Báyìí, ṣí jákẹ́ẹ̀tì rẹ, kí o wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fara tẹ̀, bí abẹ́ kọ́là. Mú igi ìṣáná kan, tì í wọ inú irun náà lọ́ọ́rọ́ títí yóò fi kan awọ, má tẹ irun náà mọ́lẹ̀, kí o fi èékánná sàmì sí ibi tí irun dé lára igi náà. Nínú àwọn jákẹ́ẹ̀tì tó ti gba ọwọ́ mi, èyí tí ìrísí rẹ̀ jọ èyí tí o ṣàpèjúwe fún mi sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Bí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, irun náà ti gba sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ nínú 108 tí o wọ̀n. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ara rẹ ni nǹkan bí 98 sí 99. Ara rẹ jẹ́ 96. Sẹ̀ǹtímítà 12 tí o rò pé o ní ti di méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó kéré. Irun náà máa ń tẹ̀ bí ara bá wọ̀ ọ́, á sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni iye tó yẹ kó tẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ sọ iṣẹ́ tí irun náà ń ṣe.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọ aṣọ yìí ń wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ tí kò sé afẹ́fẹ́ mọ́nú bíi ti òde òní. Nínú B-17, ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ju bọ́ǹbù, ojú fèrèsé gbayawu ni àwọn tó ń yìnbọn láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ máa ń dúró sí fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá sì ti ń gòkè, gbogbo mítà 1,000 ni òtútù ń fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà àti ààbọ̀ mú sí i. Ká ní ó mú 30 ní Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án òní, lókè mítà 7,500 lórí ilé wa yìí, á ti tó dígírì 19 sísàlẹ̀ òdo. Ní Yúróòpù nígbà òtútù, ó ń tó 40 sísàlẹ̀ òdo, ìka àti etí àwọn ọmọ ogun sì ń kú mọ́ wọn lára. Leslie Irvin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe páráṣúùtì, tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1926, ló ṣe èyí tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì wọ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é di òní. Èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1934 ni B-3. Bí tìrẹ bá ní ìgbànú ní ìbàdí, tí sípù sì wà lápá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ sókè, àwòṣe Irvin ni. Bí ó bá ní awẹ́ awọ méjì pẹ̀lú irin ìdè ní kọ́là, B-3 ni wọ́n wò ṣe é.

Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun wọ̀nyẹn ló ń dá ooru ara dúró. Irun tó rọ̀, tó sì lọ́ mọ́ra wọn, ló lè há afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fọwọ́ kan àgbò Iléyá èyíkéyìí ní Kétu, wàá rí i pé irun rẹ̀ kúrú, ó sì le gírígírí bíi ti ewúrẹ́, nítorí irú àgùntàn tiwa kò ní irú irun yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò rẹ̀. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá fún jù, irun á tẹ̀ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, òtútù á sì wọlé láti ibi tí irun bá ti tẹ̀, pàápàá ẹ̀yìn àti èjìká. Bí ó bá tún tóbi jù, gbogbo ìgbà tí o bá rìn tàbí tí o bá tẹ̀ ba, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba ọrùn jáde, ti òtútù á sì gba ìdí aṣọ wọlé. Mo ti rí àwọn tó ra èyí tó tóbi nítorí kí wọ́n lè wọ súwẹ́tà méjì sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí o sáré ta tìrẹ.

Tún un dán wò, ṣùgbọ́n má ṣe é lọ́sàn-án. Nígbà tí ooru mú 33 tí ara sì ń làágùn, kò sí aṣọ tí kò ní fún ni. Jí ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ bá mú díẹ̀, kí o wẹ̀, kí o nu ara gbẹ dáadáa. Wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì, àti súwẹ́tà kan ṣoṣo tí kò nípọn, lẹ́yìn náà kí o wọ jákẹ́ẹ̀tì náà. Fa sípù rẹ̀ dé àyà, kí o mí kanlẹ̀. Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n lára yípo bí ìgbà tí ènìyàn gbá ọ mọ́ra, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá èémí dúró. Jókòó sórí àga, na apá rẹ síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ zémíjàn mú, kí o dúró bẹ́ẹ̀ títí wàá fi ka 60. Ẹ̀yìn máa fà díẹ̀, èyí kò burú. Bí abíyá bá ń gún ọ, tàbí tí ọwọ́ bá ń kú, a jẹ́ pé ihò apá rẹ̀ kéré sí ọ, èyí nìkan sì ni àbùkù tí lílò kò lè tún ṣe. Bí o bá rí i bẹ́ẹ̀, tà á. Ní ti àyà, má bẹ̀rù: bí o bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun àwọn ibi tí ara ń tẹ̀ á rọlẹ̀, awọ náà á sì gba àpẹẹrẹ ara rẹ, wàá rí sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta jèrè. Gígùn rẹ̀ kò ní yí padà.

Ní ti gígùn náà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìjókòó ni wọ́n ṣe é fún. Awakọ̀ tó jókòó sínú àyè tóóró, tí okùn páráṣúùtì sì dè é ní itan àti èjìká, kò lè wọ aṣọ tó bọ́ sí itan. Ìyẹn náà ni Irvin gidi kò ṣe ní àpò kankan. Ṣòkòtò awọ àgùntàn ló ń bo ìyókù ara wọn. Ìwọ kò ní irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀, nítorí náà wá ṣòkòtò tó ga dé ìdodo, kì í ṣe èyí tó ń rọ̀ sí ìdí, kí o sì ki ṣẹ́ẹ̀tì gígùn bọ inú rẹ̀. Nígbà tí o bá jókòó, etí jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kan ìgbànú rẹ. Bí awọ ẹ̀yìn rẹ bá hàn síta nígbà tí o bá tẹ̀ láti di okùn bàtà, ṣòkòtò ni kí o pààrọ̀.

Apá rẹ̀ ńkọ́? Bí o bá so ọwọ́ rẹ wálẹ̀, etí apá jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dé ìdí àtàǹpàkò, èyí tó máa dà bíi pé ó gùn jù lójú rẹ. Bí o bá ṣẹ́ ìgúnpá, awọ tó nípọn á ká jọ síbẹ̀, á sì fa etí apá sókè tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Apá tó bá dé ọrùn ọwọ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ máa ṣí ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ fún òtútù nígbà tí o bá di nǹkan mú. Gbé kọ́là sókè, kí o dè é: ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ àárín rẹ̀ àti ọ̀fun.

Nísinsìnyí, fífá àti títú. Mo máa sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Lyon, oníbàárà kan gbé jákẹ́ẹ̀tì wá, ó ní abíyá rẹ̀ ń fún òun. Ọ̀gá mi kò sí nítòsí. Mo mú abẹ, mo fá irun abíyá náà títí tó fi mọ́ féfé, inú oníbàárà dùn, èmi náà sì yangàn. Kí oṣù kan tó pé, ó gbé e padà wá: awọ ibẹ̀ ti ya láti ojú ìrán wá, ó gùn tó ìka mi tó gùn jù. Ojú awọ níbi tí irun ti ta gbòǹgbò ni abẹ mi ti ń gé láìjẹ́ pé mo rí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tún un ṣe pẹ̀lú awọ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá a dọ́gba, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ti ń kọ èyí. Irun tí a bá fá lára awọ tó ti kú kò ní hù mọ́ láéláé.

Títú náà kò sàn. Télọ̀ tó rán ṣòkòtò fún ọ máa ń fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ ojú ìrán, kí ó lè tú u bí o bá sanra. Nínú jákẹ́ẹ̀tì yìí, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ojú ìrán. Etí awọ méjèèjì ló fẹnu kora, tí wọ́n sì fi awẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ lára awọ kì í sì í dí bíi ti aṣọ òwú. Bí o bá tú u tí o tún un rán sí ẹ̀gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, ìlà ihò méjì ló máa wà níbẹ̀, bí ojú bébà tí a ti gún kó lè rọrùn láti ya. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹni tó mọ awọ fi ọ̀já awọ àgùntàn mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti abíyá dé ìdí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olówó gọbọi ni, jákẹ́ẹ̀tì rẹ kò sì nílò rẹ̀.

Tí o bá dé Montréal, níbi tí òtútù oṣù Kìíní sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo, tí ó sì lè kọjá 20 ní alẹ́, súwẹ́tà kan yẹn tó fún ìrìn ojú ọ̀nà. Má fi kún un nítorí ìbẹ̀rù. Ìbọ̀wọ́, fìlà àti bàtà tó dára ni kí o náwó lé. Bí o bá wọ inú métírò tàbí kíláàsì, bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, nítorí òógùn tó bá wọnú irun kì í tètè gbẹ, ìgbà tí o bá sì padà síta ni òógùn yẹn máa di òtútù sí ọ lára. Má gbé báàgì ìwé tó wúwo kọ́ èjìká kan lórí rẹ̀ lójoojúmọ́: okùn báàgì á tẹ irun ibẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì ha ọ̀dà ojú awọ kúrò. Nígbà tí o bá ń fa sípù, fi ọwọ́ kejì ti irun kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí sípù bá gbá irun mú, má fà á tagbára-tagbára, dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ ìrìnàjò, ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ. Ó burú fún wa níbí ní Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà, ṣùgbọ́n Kétu náà kò bọ́. Fi kọ́ sórí ìkọ́ aṣọ tó fẹ̀ ní èjìká, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, má dì í sínú ọ̀rá, nítorí ó máa bu, àmì ibi tó bá bu kì í sì í tán lára awọ. Má sá a sóòrùn: oòrùn á mú awọ le, ọ̀dà ojú rẹ̀ á sì sán. Bí o bá fẹ́ lo káńfọ̀ nítorí kòkòrò, dì í sínú àkísà òwú, kí o gbé e sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, kó má kan awọ náà. Omi àti ọṣẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ náà, má ká a sínú àpótí, nítorí ẹrù á tẹ irun rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Gbé e lé apá rẹ láti Kùtọnù, kí o sì gbé e lé orí itan nínú ọkọ̀. Nígbà tí o bá dé pápákọ̀ òfuurufú Montréal, má jẹ́ kí ìta ni o ti máa wọ̀ ọ́. Dúró nínú ilé níbi tó gbóná, wọ̀ ọ́, fa sípù rẹ̀ dókè, gbé kọ́là sókè kí o dè é, jẹ́ kí ooru ara rẹ kún inú irun náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o tó gba ẹnu ọ̀nà jáde.